Dígí Tí Kì Í Purọ́

Ẹnu tí èèyàn fi ń jẹun náà ló máa fi bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé, ó sì yẹ kó máa tọ́jú rẹ̀. Ẹlẹ́nu-Oyin ò tọ́jú tirẹ̀. Òǹkọ̀wé ni, ìwé ìtàn àròsọ ló ń kọ. Àwọn ará ilé ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, wọn ò sì fi yìn ín. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé bí ọkùnrin yìí bá fi ohùn dídùn sọ̀rọ̀ nípa nǹkan rẹ, kó o yáa wo ara rẹ wò, oyin ti ta ọ́.

Iṣẹ́ tó mọ̀ jù lọ ni kó yin ohun olówó iyebíye. Bó bá rí ẹni tó kó wúrà sọ́rùn tàbí tó gbé àga ńlá sí pálọ̀ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e, inú rẹ̀ á dùn bí ọmọ tó bá ìkòkò ẹran nílé tí kò bá ìyá rẹ̀. Kò ní bú nǹkan ọ̀hún o. Ta ní ń búni? Yóò yìn ín, yóò tún un yìn, yóò fi ìyìn bọ̀ ọ́ lọ́rùn títí ìyìn náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, ó fi aago kan sọ́wọ́ oníṣègùn kan, ó ní, "Wúrà ara aago náà pọ̀ débi pé kò sáyè fún àkókò mọ́ nínú rẹ̀." Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ oníṣègùn eyín, ní irú aago bẹ́ẹ̀, aago ọ̀hún sì ti kú láti ọdún tó ti rà á. Látìgbà tí ìwé yẹn ti jáde, àwọn tó bá wá yọ eyín lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n á kọ́kọ́ bi í pé aago mélòó ló lù, kí wọ́n tó la ẹnu fún un.

Nínú ìwé kejì, ó kan onílé wọn, tó ra fìtílà onígíláàsì ẹlẹ́ka púpọ̀ kọ́ sí àjà. Ẹlẹ́nu-Oyin kọ ọ́ pé, "Fìtílà náà ò tíì tàn rí, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ ní kí ọba wá tanná fóun?" Onílé ka ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ka á lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí wọ́n wá ibòmíràn gbé.

Ó wá di àṣà nínú ẹbí. Bí ìwé tuntun bá ti jáde, gbogbo wọn á péjọ sí ilé ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ́sàn-án Sọ́ńdè, Ẹ̀gbọ́n á máa kà á sókè, àwọn yòókù á máa ṣọ́ ibi tí ìyìn bá ti ń gùn jù. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti dá a dúró, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ni ẹrù. Ẹni tí wọ́n bá dá ẹrù rẹ̀ mọ̀ á bínú díẹ̀, àwọn tí kò kàn á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, wọn ò sì ní rántí pé iná ń jó bọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ. Ilé ìkàwé kan ló pè é kó wá sọ bí àwọn òǹkọ̀wé ṣe ń fi ìyìn bu èèyàn, gbogbo ẹbí sì wọ aṣọ lọ síbẹ̀. Ó nà ró lórí pèpéle, ó ní, "Bí òǹkọ̀wé bá yin nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbà á gbọ́. Bó bá yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fura. Bó bá yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó wá búra lé e, ẹ di àpò yín mú, èébú ló ń bọ̀ yẹn." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bó ṣe fẹ́ sọ ìyókù ni wọ́n kéde pé ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù ti wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dìde. Ẹlẹ́nu-Oyin ṣì sọ ìyókù, àmọ́ àga òfìfo ló ń bá sọ̀rọ̀, àti ìyá ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sí ìlà iwájú, tó gbé báàgì lé itan, tí kò sì dà bí ẹni tó ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Ìyá díẹ̀. Aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí Ìyá bá fẹ́ràn kì í gbádùn etí rẹ̀. "Olórí kunkun" lorúkọ ọkọ ọmọ rẹ̀ nígbà tí ara bá dá Ìyá, bó bá wá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, tó fi ẹran méjì lé e, ó di "ìwọ aláìníṣẹ́ yìí, jẹun kó o má bàa kú sí mi lọ́rùn." Ẹni tí Ìyá bá ń pè ní "ẹ̀yin" tàbí "sà," àlejò ni tàbí ọ̀tá.

Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì gígùn tó fi ń gé aṣọ, okùn tí ẹ̀wù tí wọn ò tíì wá gbà ń rọ̀ sí, àti dígí kan lára ògiri tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Dígí náà ga ju èèyàn lọ. Ọkọ rẹ̀ olóògbé, tó jẹ́ káfíńtà, ló gbẹ́ férémù rẹ̀, tó fi ewé onígi yí i ká, tó sì kùn ún ní àwọ̀ wúrà. Gíláàsì rẹ̀ ti wọ́ díẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, ẹni tó bá sì dúró níwájú rẹ̀ á rí ara rẹ̀ tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́. Oníbàárà tó gbé ikùn wọlé, tí kò rí ikùn náà nínú dígí, kì í bá aránṣọ jà. Gbogbo àdúgbò ló mọ ọ̀rọ̀ dígí yẹn, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ ọ́ jáde, bí ẹni kì í sọ ọjọ́ orí ìyá arúgbó lójú rẹ̀.

Nígbà tí Ẹlẹ́nu-Oyin kọ́kọ́ wá sí ilé yẹn nítorí ọmọ Ìyá, ẹ̀wù kan ṣoṣo ló ní, ọrùn rẹ̀ sì ti já. Ìyá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Kò béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó fa tépù yọ, ó wọ̀n ọ́n, ó fi ègé aṣọ tó ṣẹ́kù lára aṣọ olówó rán kóòtù kan fún un, ó sì tì í síwájú dígí. Ọmọkùnrin náà rí ọkùnrin gíga kan níbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ì bá fún lọ́mọ. Ọjọ́ yẹn ló tó lẹ́nu láti sọ ohun tó bá wá.

Kò gbàgbé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nínú gbogbo ohun iyebíye tó wà láyé, dígí yẹn nìkan ni kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó dé orí ìwé rẹ̀ kẹrin, ó ní òun máa san oore. Ó fi ìwà òǹkọ̀wé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì kọ ọ́ tọkàntọkàn:

"Dígí kan wà ní ilé aránṣọ náà tí kì í purọ́. Bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ ṣe ń rí ọ ló ń fi ọ́ han ara rẹ. Wúrà tó yí i ká kò láfiwé, nítorí ọwọ́ ìfẹ́ ló kùn ún. Mo búra, nínú gbogbo ohun iyebíye tí ojú mi ti rí, òun ló níye lórí jù."

Omi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó kọ ọ́ tán. Ó ronú pé Ìyá á sunkún, ìyàwó òun á sunkún, Ẹ̀gbọ́n á fún òun lọ́wọ́ bọ̀. Èèyàn ń ronú ṣáá ni.

Sọ́ńdè dé, gbogbo wọn péjọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá, Ẹ̀gbọ́n gbé ìwé lọ́wọ́. Nígbà tó kan "tí kì í purọ́," ó dánu dúró. Ó gbójú sókè, ó wo dígí. Ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n, àmọ́ nínú dígí yẹn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Kì í purọ́," ló wí. "Ẹ gbọ́ ná. Dígí yìí ni kì í purọ́. Àna wa, ìwọ á pa èèyàn."

"Ó ti kàn yín, Ìyá," ni ìyàwó Ẹlẹ́nu-Oyin sọ, tó ń fi ìdí aṣọ nu ojú. Nọ́ọ̀sì ni, kò sì sí ohun tí kò lè mú un rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́. "Ó ti wá kàn yín. Mo ti ń retí ẹ̀."

"Dúró ná, ó ṣì kù," Ẹ̀gbọ́n ní. "'Kò láfiwé.' Ìyẹn ìkejì. 'Ó níye lórí jù.' Ìyẹn ìkẹta. Ó sì tún búra o."

"Òótọ́ ni mo kọ," Ẹlẹ́nu-Oyin sọ.

Ẹ̀rín wá di ariwo. "Ẹ wo bó ṣe ṣojú bí ẹni tí wọ́n lù," Ẹ̀gbọ́n ní, ó sì ní kí àna òun tún un sọ, ó dùn mọ́ òun. Ó tún un sọ. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń búra tó ni ojú rẹ̀ ń dà bíi ti aláwàdà tó.

Ìyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde pẹ̀lẹ́, ó mú aṣọ funfun kan lórí tábìlì, ó gun àpótí, ó sì fi aṣọ náà bo dígí láti òkè dé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà," ló wí. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ rántí wa nínú ìwé yín."

Ara Ẹlẹ́nu-Oyin tutù. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó, àmọ́ òrofó tiẹ̀ kọ́kọ́ fọ́nnu kí wọ́n tó pa á. Òtítọ́ ni tirẹ̀ sọ tó fi kú.

Ìwé náà tà. Ìyẹn ló wá ba ọ̀ràn jẹ́ pátápátá, torí àwọn oníbàárà Ìyá náà ń kàwé. Wọ́n ń wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n ń ní, "Ìyá, dígí tí kì í purọ́ la wá kí." Obìnrin kan tó ti ń rán aṣọ lọ́dọ̀ Ìyá kí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ tó mọ ìrìn ní kí wọ́n bá òun ṣí aṣọ ojú rẹ̀. Ó wo ara rẹ̀ nínú ẹ̀wù tuntun, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá ní òun á kọ́kọ́ wò ó nínú dígí ilé òun kóun tó mọ̀ bóyá ó bá òun mu. Ẹni yẹn ò ní èrò ibi kankan. Àmọ́ Ìyá gbọ́ ohun tó sọ: ìyẹn ni pé aránṣọ yìí ti ń fi dígí tan wá jẹ láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tó di àárín ọ̀sẹ̀, ó ti ránṣẹ́ sí alálòkù, ọkùnrin tó máa ń ti ọmọlanke kiri láti ra ẹrù tí wọn ò lò mọ́, pé kó wá gbé dígí òun lọ́jọ́ Sátidé.

Bí Ẹlẹ́nu-Oyin ṣe gbọ́, ó sáré lọ síbẹ̀. Ìyá ń fi pín-ìnnì, abẹ́rẹ́ olórí tí àwọn aránṣọ fi ń de aṣọ, kó etí ẹ̀wù kan jọ. Bó ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó kó pín-ìnnì bíi mélòó kan sẹ́nu, ẹni tó bá sì ti kó pín-ìnnì sẹ́nu kò lè fèsì.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Gbogbo ohun tí mo kọ, ó ti inú mi wá."

Ìyá wò ó. Ó fi pín-ìnnì kan kún èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mi ò rí dígí tó dáa tó o rí."

Ó tún fi ọ̀kan kún un.

"Kò sí irú ẹ̀ láàfin ọba."

Nígbà tó fi kúrò níbẹ̀, ẹnu Ìyá ti dà bí ara òòrẹ̀.

Ó délé, ó jókòó síwájú ìyàwó rẹ̀, ó gbé orí lé ọwọ́. "Bá mi bá wọn sọ̀rọ̀."

"Kí n sọ kí ni?" ìyàwó rẹ̀ béèrè. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ báyìí, ó ti lọ kí ìyá rẹ̀, ó sì ti rí ojú rẹ̀. "Ṣé òótọ́ lo kọ lóòótọ́?"

"Ìwọ náà?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Lánàá o ní ọbẹ̀ mi dùn, mo lọ fi iyọ̀ kún un. Tó o bá ní mo lẹ́wà, mo máa ń lọ wo ẹ̀yìn aṣọ mi bóyá ó ti ya."

Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, àmọ́ kò wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ba Ẹlẹ́nu-Oyin nínú jẹ́ ju ti Ìyá lọ. Ó wá yé e pé ohun tó ń pàdánù kì í ṣe dígí nìkan. Ó ti lo ìyìn ní ìlòkulò títí ó fi bàjẹ́, kò sì ní òmíràn nílé tó lè fún àwọn tó fẹ́ràn.

Lọ́jọ́ kejì, ilé iṣẹ́ rédíò pè é nítorí ìwé náà, ó sì ronú pé Ọlọ́run ló rán wọn. Ìyá ní rédíò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹlẹ́nu-Oyin jókòó síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sọ pé dígí yẹn kì í ṣe àwàdà, pé òun fẹ́ràn rẹ̀, pé òun fẹ́ràn ẹni tó ni ín. Atọ́kùn ètò náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ẹ̀yin olùgbọ́ wa," ló wí nígbà tó rí èémí fà, "ẹ wá gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń ṣe é láìrẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ tún un sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́." Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé òun gan-an ló ti ń ta èké náà, ó sì ti tà á lọ́pọ̀ fún wọn.

Sátidé mọ́. Nígbà tí Ẹlẹ́nu-Oyin fi débẹ̀, wọ́n ti sọ dígí kalẹ̀, wọ́n ti gbé e fara ti ògiri ìta pẹ̀lú aṣọ tó bò ó. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, pín-ìnnì lẹ́nu. Alálòkù ti gbé ọmọlanke rẹ̀ dúró, ó ṣí aṣọ náà díẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń yí i ká bí àwọn tó fẹ́ ra nǹkan lọ́pọ̀ ṣe máa ń ṣe, tó ń ṣe ṣìọ̀.

"Igi ẹ̀ ti jẹrà," alálòkù ní. "Ikán ti wọ̀ ọ́. Gíláàsì ẹ̀ náà ti sán lápá ibí. Irú wúrà yìí, oòrùn ọjọ́ kan ló máa bó o."

Kò sí ọ̀kan tó jóòótọ́ níbẹ̀. Ẹlẹ́nu-Oyin ti múra láti wá bẹ̀bẹ̀, ó ti to ọ̀rọ̀ dídùn sẹ́nu láti ilé, àmọ́ bó ṣe gbọ́ "ikán" báyìí, inú bí i. Kí àjèjì máa bú dígí yẹn, kò sì tíì bá a gbé rí. Kò mọ ibi tí àbùkù rẹ̀ wà.

"Ikán wo?" ló wí. "Ṣé o lójú ṣá? Ikán kankan ò sí nínú ẹ̀. Ohun tó ń ṣe é, o ò tíì rí i." Ó fa aṣọ náà kúrò pátápátá. "Wo ibí. Ṣísẹ́ẹ̀lì yọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ, ó la ewé yìí sí méjì, ó wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù ọ̀hún sì dúdú bí èédú. Ṣé ewé lo pe èyí? Etí ewúrẹ́ ni. Apá òsì fi ọ̀kan ju apá ọ̀tún lọ, torí bàbá tó gbẹ́ ẹ kò fẹ́ràn kó máa ka nǹkan. Ta ló sì sọ fún ọ pé wúrà ni? Ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára geètì ilé yìí ni, wo geètì náà lọ́hùn-ún. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló fi kùn ún, irun búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà nínú ẹ̀. Wo igun òkè yẹn. Eṣinṣin kan bà síbẹ̀ kí ọ̀dà tó gbẹ, ó kú síbẹ̀, wọ́n sì kùn ún mọ́ ọn."

Alálòkù na ọrùn, ó wo eṣinṣin náà.

"Gíláàsì ńkọ́?" Ẹlẹ́nu-Oyin ò mí. "Ó wọ́. Tó o bá sún sápá òsì, etí ẹ kan á tóbi ju èkejì lọ. Òpùrọ́ ni dígí yìí. Láti àárọ̀ títí dalẹ́, irọ́ ló ń pa. Mo wá síbí nígbà kan, mi ò ní nǹkan kan láyé mi, ọrùn ẹ̀wù mi ti já, ó wo ojú mi, ó ní mo ga, ó ní mo dáa, ó ní kí n lọ fẹ́ ọmọ olọ́mọ. Mo gbà á gbọ́, mo ṣì ń jìyà ẹ̀ dòní. Mi ò rí dígí tó burú tó o rí."

Alálòkù wo dígí, ó wo ọkùnrin náà, ó sì mú ọwọ́ ọmọlanke rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ló wí. "Mo ti ń ra àlòkù ọjọ́ ti pẹ́, èmi ni mo máa ń bú ẹrù, àwọn tó ni ín ló máa ń yìn ín. Tó bá wá burú tó bẹ́ẹ̀ lójú yín, ẹ máa lo dígí yín." Ó ti ọmọlanke rẹ̀ lọ, ó ń wo ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn tó lọ tán ni Ẹlẹ́nu-Oyin gbọ́ ìró kékeré kan. Ìyá ń yọ pín-ìnnì kúrò lẹ́nu, ó ń jù wọ́n sínú agolo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ díẹ̀, torí wọ́n pọ̀.

"Eṣinṣin yẹn," Ìyá ní. "Ta ló fi hàn ọ́?"

Kò ní "yín." Ẹlẹ́nu-Oyin gbọ́ ọ dáadáa, àmọ́ ẹ̀rù bà á láti yọ̀.

"Kò sẹ́ni tó fi hàn mí. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fi tépù wọ̀n mí, ojú ń tì mí, mi ò lè wo ojú yín. Igun òkè yẹn ni mo ń wò."

"Èmi àti bàbá wọn nìkan ni mo rò pé ó mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ yọ ọ́ kúrò, mo ní kó fi í sílẹ̀, kí dígí lè ní ẹni tó ń bá a gbé." Ó sún mọ́ dígí náà, ó fi ìka kan eruku ara ewé onígi. "Ṣé o rántí ọjọ́ ilé ìkàwé?"

"Mo rántí, Ìyá. Ibẹ̀ ni mo ti fi ẹnu ara mi dá ẹjọ́ ara mi."

"O ò rántí. Nígbà tí àwọn ọmọ mi sáré lọ síbi ẹlẹ́rìndòdò, o ṣì ń sọ̀rọ̀. O ní ohun tí òǹkọ̀wé bá fẹ́ràn dénú, kì í lè yìn ín, àbùkù ẹ̀ ni yóò máa kà, bí ìyá tó ń bú ọmọ tó pẹ́ dé. Mo ní, ọmọ yìí gbọ́n díẹ̀ o." Ó fi ìka náà kan ewé mìíràn. "Nígbà tí ìwé ẹ jáde, mo wá inú ẹ̀ lọ wá inú ẹ̀ bọ̀, mo ń wá ibi tó o ti bú dígí mi. Kò sí níbì kankan. Mo ní ó dáa náà, bó ṣe ṣe aago ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ àti fìtílà onílé yín ló ṣe mí. Àwa náà ti di ọlọ́rọ̀ tó ń fi nǹkan yangàn. Ó dùn mí gan-an."

"Mo fẹ́ kó dáa ni, Ìyá. Mo fẹ́ kó dáa jù."

"Ó sì dáa jù lóòótọ́. Àṣejù." Ó nu ìka rẹ̀ sára aṣọ. "Ohun tó o sọ nípa ewé yẹn, irọ́ ni. Apá òsì ò fi ọ̀kan ju apá ọ̀tún. Méjì ni. Ẹyọ kan wà nísàlẹ̀, níbi tí o ò lè rí àfi tó o bá ń gbálẹ̀, o kì í sì í gbálẹ̀. Gbé e wọlé, olórí kunkun. Tó o bá jẹ́ kó bọ́, ìwọ ni màá gbé kọ́ sára ògiri."

Orúkọ yẹn wọ̀ ọ́ lára dé eegun. Omi dà lójú rẹ̀, kò sì rí ọwọ́ fi nù ún, torí dígí kún ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e wọlé bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn, Ìyá ń tẹ̀ lé e, ó ń sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ò dáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dáa, irú ọkọ wo ni ọmọ òun tiẹ̀ lọ fẹ́.

Ó ṣì wà lórí àpótí tó ń kan ìṣó mọ́ ògiri nígbà tí obìnrin ọjọ́sí wọlé, ẹni tó ní òun á kọ́kọ́ wo ẹ̀wù nílé. Ó ti wọ ẹ̀wù náà padà wá, kò bá a mu nínú dígí tirẹ̀.

"Háà, Ìyá," ló wí, tó ń rẹ́rìn-ín. "Dígí tí kì í purọ́ ti padà dé."

"Ta ní kì í purọ́?" Ìyá na àyà. "Òpùrọ́ ni. Ọkọ ọmọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ. Ojú ẹ̀ wọ́, ewé ẹ̀ dà bí etí ewúrẹ́, eṣinṣin kú sí i lára. Kò sóhun tó burú tó o ní gbogbo ìlú yìí. Bọ́ síwájú ẹ̀ dáadáa kí n rí ẹ̀yìn ẹ̀wù ẹ."

Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka oyè ọkọ rẹ̀. Obìnrin náà wò ó, kò mọ ohun tó yẹ kó fi rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bọ́ síwájú dígí. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú gíláàsì, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ó bá mi mu," ló wí.

Ẹnikẹ́ni ò bá a jiyàn. Ẹlẹ́nu-Oyin la ẹnu, ó fẹ́ sọ nǹkan kan tó dùn nípa ẹ̀wù náà, ojú Ìyá sì bá a lórí àpótí.

"Kí lò ń wò, aláìníṣẹ́?" Ìyá ní. "Sọ̀kalẹ̀ kó o lọ bá mi mú ṣọ́ọ̀kì wá."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú níbi tó ti ń sáré lọ mú un.